Ọmọ Wa Fẹ́ Lọ Sáré Ọkọ̀ ní Brands Hatch

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀. Ọ̀kan tó ṣe àjèjì létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí: "Pásítọ̀ wa, ọmọkùnrin mi ti sanwó láti lọ sáré ọkọ̀ ní Brands Hatch. Ẹ bá mi bá a wí o. Irú ẹ̀mí wo nìyí?"

Èmi náà a máa bèèrè pé, "Màmá, ibo lẹ rò pé ó ti ń sá a tẹ́lẹ̀?" Ọmọ tí eré ọkọ̀ wà lára rẹ̀ kò ní ṣàì sá a. Bí kò bá sá a níbi tí wọ́n ṣe fún un, yóò sá a lóru lójú títì, níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹ rántí Jéhù nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 9. Olùṣọ́ kò tíì rí ojú rẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ogun ló fi dá a mọ̀. Jéhù pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin ìrìnnà ọdún 1988 ka eré ìje lójú títì sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1995 ni pé awakọ̀ tuntun tó bá gba àmì ìjìyà 6 láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́ yóò pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀. Láti 2022, ẹni tó bá fi ìwàkuwà pa ènìyàn lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ìdí nìyí tí n kò fi bá ọmọ náà wí. Ohun tí mo ń bèèrè ni bóyá ó ti múra.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìdíje ni ohun tí wọ́n ń pè ní track day. Rárá o. Àwọn tó ni pápá yóò ṣí i fún ẹni tó bá sanwó, oníkálukú a sì lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ipò kìn-ín-ní, wọn kì í sì í gbà kí ènìyàn fi aago wọn eré rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, kò sí ẹni tó ń sọdá. Brands Hatch wà ní Kent, kò jìnnà sí apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sá Grand Prix ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín 1964 àti 1986. Ọ̀nà kúkúrú tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 1.2 lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀. Kọ́nà àkọ́kọ́, Paddock Hill, da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé orí rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́, ìwọ ni mo kọjú sí báyìí. Nínú Lúùkù 14, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Jókòó, kí o ṣírò tìrẹ. Ìṣúráǹsì tí o fi ń rin títì kì í sábà bá ọkọ̀ dé pápá. Bí o bá fi í gbá ògiri, ìwọ ni yóò tún un ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ta ìṣúráǹsì ọjọ́ kan. Ka ìwé rẹ̀ dáadáa kí o tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tí ẹ jọ ń lò nílé ni, tí ìyá rẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, kò yẹ kí o gbé e lọ.

Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bíréèkì ni olórí ọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni epo bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé ìwọ̀n Celsius 230 nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un já wá sí 155. Lójú títì, o lè má mọ ìyàtọ̀. Ní pápá, ìwọ yóò máa tẹ bíréèkì lórí eré ńlá, ní ìyípo kan tẹ̀ lé òmíràn, iná ooru yóò sì ràn dé inú epo náà. Bó bá hó, ìfófòó a gba inú páìpù, ẹsẹ̀ rẹ a sì lọ sílẹ̀ gbọọrọ láìmú nǹkan kan dúró. Àwọn kan nínú wa ti da òróró sórí bónẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kò sì pààrọ̀ epo bíréèkì láti ọdún 5. Èmi gbàgbọ́ nínú òróró. Lọ pààrọ̀ epo bíréèkì. Kí mẹ́káníìkì sì wo páàdì; èyí tó ti jẹ kọjá ìdajì kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Wo táyà, kó má là, kó má sì wú. Fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa. Mú gééjì dání, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń pọ̀ sí i bó bá gbóná. Jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kún dé àmì òkè. Kó gbogbo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ jáde, títí dé kúlà ìrẹsì tó ti wà ní búùtù láti ìgbà ìpàdé ọdún. Bí ẹ̀sóòsì rẹ bá ń pariwo jù, wọ́n lè dá ọ padà sílé. Wọ́n ń wọn ariwo níbẹ̀.

Ara tìrẹ ńkọ́? Má ṣe ti ìṣọ́ òru lọ tààrà síbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ náà. Sùn, jẹun, mu omi. Mú láísẹ́ǹsì rẹ dání, wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, dé àṣíborí. Ẹni tó bá pa ìpàdé àlàyé òwúrọ̀ jẹ kò ní wakọ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ ọ ní èdè àsíá: pupa, dẹ eré rẹ, má ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí o sì padà sí ibùdó, yẹ́lò, ewu wà níwájú. Ojú ọ̀nà tó tọ́ nìkan ni wọ́n sábà ń gbà kí ènìyàn ti kọjá ẹlòmíràn, nígbà tí ẹni iwájú bá sì yọ̀ǹda. Bí olówó bá fi ọkọ̀ tuntun kàn ọ́ lẹ́yìn, jẹ́ kó kọjá. Mo rò pé owó olùkọ́ tó máa ń jókòó ti ènìyàn lágbàáyé ìṣẹ́jú díẹ̀ dára ju owó rímù tuntun lọ.

Má pẹ́ jù lórí eré lẹ́ẹ̀kan. Fi ìyípo ìkẹyìn rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí bíréèkì tutù. Bí o bá dúró, fi ọkọ̀ sí jíà. Má fa bíréèkì ọwọ́, nítorí páàdì tó gbóná lè lẹ̀ mọ́ irin.

Kí o tó máa lọ sílé, sinmi. Tún afẹ́fẹ́ táyà ṣe padà, tún nọ́ọ̀tì fún, tẹ bíréèkì wò. Lójú títì, máìlì 70 ní wákàtí kan yóò dà bí ẹni pé o dúró sójú kan, nítorí náà, gééjì eré ni kí o gbàgbọ́, má gba ara rẹ gbọ́. Bí bàbá bá tẹ̀ lé e lọ, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìṣúráǹsì, kí bàbá ni kó wa ọkọ̀ náà padà wálé.