Ṣé Ẹ Ti Wo Abẹ́ Ahọ́n Ọmọ Yẹn?

Bí ọmọ tuntun bá ń sunkún tọ̀sán-tòru, ìyá rẹ̀ ni àwa Yorùbá kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. A ó ní omi ọmú rẹ̀ kò tó, a ó ní kò jẹun dáadáa, a ó ní kó yáa lọ ra mílíìkì inú agolo. Ìyá àgbà tó wọ bàálù láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ á sọ tiẹ̀, àǹtí tó wà ní Peckham náà á sọ tiẹ̀ lórí fóònù. Ta ló yẹ abẹ́ ahọ́n ọmọ wò nínú wọn?

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ahọ́n gbogbo wa mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Wọ́n máa ń bí ọmọ mìíràn tí awọ yìí kúrú jù, tàbí kó gùn dé ṣóńṣó ahọ́n, tí ahọ́n kò fi ní lè nà. Tongue-tie ni wọ́n ń pè é níhìn-ín.

Ẹnjiníà ni mí, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yé mi. Ahọ́n ọmọ á nà kọjá erìgì ìsàlẹ̀, á gbá ọmú mú kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ẹ̀yìn ahọ́n á wá lọ sílẹ̀ láti fa omi ọmú. Bí ahọ́n kò bá nà, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, ẹ ó máa gbọ́ tó-tó-tó lẹ́nu ọmọ. Orí ọmú nìkan ló máa rí mú, erìgì ló sì máa fi há a. Á mu ún fún wákàtí kan, kò ní yó. Orí ọmú ìyá á bó, á ṣẹ̀jẹ̀, á jáde ní pẹlẹbẹ. Bí ọmọ kò bá sì fa ọmú gbẹ, ara kì í pèsè púpọ̀ mọ́. Bí “omi ọmú kò tó” ṣe máa ń wá di òótọ́ nìyẹn.

Láti 2005 ni NICE ti fọwọ́ sí i ní Britain pé wọ́n lè gé awọ náà bó bá ń dí ọmú mímu lọ́wọ́. Àlùmọ́gàjí kékeré ni wọ́n ń lò, kì í pẹ́ rárá, ọmọ á sì mu ọmú lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra o! Ní Amẹ́ríkà, iye ìkókó tí wọ́n kọ pé ó ní in ní ọsibítù fò láti 3,934 ní 1997 sí 32,837 ní 2012. Àbí ahọ́n ọmọ aráyé ṣàdédé kúrú ni? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní in tó ń mu ọmú láìsí wàhálà. Àkójọ ìwádìí Cochrane ti 2017 rí i pé gígé ń dín ìrora ìyá kù, ṣùgbọ́n kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ á mu ún dáadáa sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí agbẹ̀bí tàbí health visitor jókòó wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà mìíràn, kí ìyá yí bó ṣe gbé ọmọ padà ti tó. Bí kò bá tó, ẹ ní kí wọ́n yẹ abẹ́ ahọ́n wò. Kí ìyá máa fún omi ọmú sínú kọ́ọ̀bù fún un ní báyìí ná. Ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé nǹkan kan nílé.

Ẹ̀yin ọkọ, iṣẹ́ tiyín náà wà ńbẹ̀: ẹ máa ka nápì. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kí ọmọ tọ̀ sí mẹ́fà, ó kéré tán, láàárín wákàtí 24. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ pe agbẹ̀bí lọ́jọ́ náà gan-an.