Iná Orí àti Orúkọ Rẹ̀ ní Èdè Mìíràn

Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ní ń gbé ọmọ lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn níbẹ̀, ẹ kíyè sí bí ẹ ó ti túmọ̀ ‘iná orí’. Bí ẹ bá pè é ní ‘feu’, olùtọ́jú lè rò pé iná ni ó jó ọmọ. ‘Pou’ ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ‘poux’ ni a ń kọ. ‘Lente’ ni ẹyin rẹ̀. Àwọn Haúsá ń pè é ní ‘kwarkwata’. ‘Piolho’ ni ní Bùràsíìlì, ‘piojo’ ni ní Kúbà.

Ẹ má ṣe pè é ní ‘teigne’. Làpálàpá orí ni ìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra.

Iná orí kì í fò. Nígbà tí orí bá kan orí ni ó ń ràn. Kì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ há mọ́ra ya irun tí ó tutù. Ẹyin tí ó bá ṣẹ́kù lè pa láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Nítorí náà, ẹ tún ìtọ́jú ṣe bí olùtọ́jú bá ti wí. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì sí orí ọmọ: ó lè gbiná.