Òpáálì: Òkúta iyebíye tí omi wà nínú rẹ̀

Bí ènìyàn bá gbé òkúta òpáálì sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó ń yí i nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, yóò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ibi tí ó pupa bí iná yóò di àwọ̀ ewé, yóò sì tún di aró. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó kùn ún ní ọ̀dà.

Sílíkà, tí í ṣe ọmọ ìyá yanrìn àti gíláàsì, pẹ̀lú omi ni òpáálì. Omi náà sábà máa ń tó ìdá 6 sí 10 nínú 100. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà fi ẹ̀rọ awò alágbára wo inú rẹ̀. Hóró sílíkà róbótó-róbótó ni wọ́n bá níbẹ̀, ó tò léra wọn bí olọ́jà ṣe ń to ọsàn sórí àtẹ. Ètò yìí ni ó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Hóró kéékèèké a máa mú aró jáde. Àwọn tí ó tóbi jù wọ́n lọ ni ó ń mú pupa wá, wọn kò sì wọ́pọ̀, ni òpáálì oní-pupa ṣe gbówó lórí. Níbi tí hóró kò bá tò dáadáa, òkúta lásán ni.

Ní Coober Pedy, ní Ọsirélíà, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan ni ó rí i ní ọdún 1915. Ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ń gbé inú ilé abẹ́ ilẹ̀. Lightning Ridge ni ìlú òpáálì dúdú: ara dúdú náà ni ó ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ, bí fìtílà lóru. Èyí tí wọ́n rí ní agbègbè Wollo ní Etiópíà ní 2008 ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá rì í sómi, yóò fa omi mu, yóò mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pòórá títí yóò fi gbẹ.

Ọ̀dọ̀ òǹrajà ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn kan a máa lẹ òpáálì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ òkúta dúdú tí kò níye lórí. Kò sí èrú níbẹ̀ bí olùtajà bá là á mọ́lẹ̀. Bí ó bá tà á ní iye odindi, jìbìtì ni. Kí ènìyàn wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó dè é mọ́ òrùka: ìlà tí ó tẹ́ gbọọrọ, bí ojú ibi tí a ti lẹ pákó méjì pọ̀, ti tú àṣírí. Irú èyí kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú omi, kí àtè rẹ̀ má baà ṣí.

Òpáálì gidi pàápàá kò le tó yanrìn, eruku lásán lè ha á. Bí ooru bá sì mú un lójijì, ó lè sán. Ó yẹ etí àti ọrùn ju ìka ọwọ́ tí ń fọ abọ́ lọ.