Òkè Tí Tọmọdé-Tàgbà Lè Gùn Nílùú Ọba

Ẹni tó bá rò pé owó gọbọi nìkan ni wọ́n fi ń gbafẹ́ nílùú ọba, ẹ ní kó lọ sí Church Stretton. Ìlú kékeré ni, ní agbègbè Shropshire, òkè ló sì yí i ká. Ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀. Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé ìdí òkè.

Long Mynd lorúkọ òkè náà, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 516. Ẹ má jáyà o! Àfonífojì Carding Mill ni kẹ́ni tó kó ọmọ dání ti bẹ̀rẹ̀. Odò kékeré ń ṣàn níbẹ̀, àwọn ọmọ á máa ta omi síra wọn lára, àgùntàn á máa jẹko kiri. Ẹni tó gbé mọ́tò lọ lè sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kì í san kọ́bọ̀. Òfin ọdún 2000 ló fún olówó àti tálákà láṣẹ láti rìn lórí irú òkè bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ òkè kì í ṣẹgbẹ́ ọmọdé. Oòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀, kí kùrukùru bo òkè. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ mú ẹ̀wù òjò, omi àti oúnjẹ dání. Bí wàhálà bá dé, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ àwọn adóòlà orí òkè.

Bó bá sì rẹ ọmọ, ẹ yáa padà jàre. Òkè ò ní í kúrò níbẹ̀. Ọmọ ni kẹ́ ẹ mú délé láyọ̀.