Omi Wo Ni Ó Ń Wọ Inú Ọkọ̀ Yín?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni a fẹ́ sọ lónìí, pàápàá fún àwa tí a tẹ̀dó sí Wàrí, Port Harcourt, Bonny àti etí odò gbogbo ní ìhà ibẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ra ọkọ̀ fáíbà kékeré ẹlẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ ṣeré lórí omi bí ọjọ́ ìsinmi bá dé. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń jò kì í ṣe ohun eré.

Arákùnrin wa kan ní Wàrí ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àlòkù. Ọkọ̀ náà dára lójú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀ tí omi kì í dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó fi jẹ oyè agbọ́nmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó san owó fún oníṣẹ́ kan pé kí ó fi gọ́ọ̀mù ra ìdí ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, omi kò dáwọ́ dúró. Ó ra pọ́ǹpù kan, ó tún ra èkejì tí ó tóbi jù ú lọ, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bátìrì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín odò, pọ́ǹpù méjèèjì sì dákẹ́. Abọ́ oúnjẹ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń gbọ́n omi, tí àwọn ọmọ mẹ́ta ń sunkún, títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Orí ni ó kó wọn yọ.

Ní ọjọ́ kejì ó tọ bàbá Ìlàjẹ kan lọ, àgbà tí ó ti kan ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, omi wo ni ó ń wọlé?”

“Omi odò ni, Bàbá.”

“Ṣé o rí i ni, àbí o rò ó?”

Arákùnrin wa kò rí èsì fọ̀. Bàbá wá ní, “Ẹni tí kò mọ ibi tí omi gbà wọlé, gbígbọ́n ni yóò máa gbọ́n títí apá rẹ̀ yóò fi ro.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ inú ẹgbẹ́ wa fi sọ́kàn. Gbígbọ́n omi kì í ṣe àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tí a fi ra ibi tí kò jò.

ÌDÍ TÍ OMI DÍẸ̀ FI LÉWU

Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Bí lítà 150 bá wà lábẹ́ pátákó ìtẹ̀sẹ̀, ó dàbí ẹni pé ẹ di àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta sínú ọkọ̀, tí ẹ kò sì rí i. Símẹ́ǹtì tilẹ̀ sàn, nítorí ibi tí a bá gbé e sí ni yóò wà. Omi ní tirẹ̀, ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ni yóò sáré lọ, tí yóò sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ìgbì bá wá kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí àwọn ọmọ sáré sí ọ̀tún láti wo nǹkan, ọkọ̀ lè dojú dé.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ IRÚ OMI TÍ Ó JẸ́

Omi òjò lè wọlé láti òkè, omi odò lè wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbẹ inú ọkọ̀ pátápátá, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ fi tapólì bò ó dáadáa, kí ẹ sì gbé e sórí ilẹ̀ ní òru tí òjò rọ̀. Bí ẹ bá bá omi níbẹ̀ ní òwúrọ̀, òjò ni, ibi tí ó ti wọlé sì wà lókè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bonny, tí omi yín jẹ́ omi iyọ̀, ẹ lè bu omi inú ọkọ̀ díẹ̀ sínú àwo tí ó mọ́, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Bí ó bá gbẹ tí iyọ̀ funfun kù sílẹ̀, omi odò ni.

Bí ó bá jẹ́ omi odò, ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté fún wákàtí kan láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, kí àgbà méjì tàbí mẹ́ta jókòó sí ẹ̀yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, kí ẹ tún wò ó. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tí omi bá yọjú ni yóò sọ ibi tí ẹ ó wò. Bí ẹ bá bu páúdà sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ó gbẹ, omi yóò fa ìlà sínú rẹ̀, ẹ ó sì tọ ìlà náà dé orísun.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ẹ fi igi tì í lábẹ́ dáadáa, ẹ ti èdídí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bu omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kún un jù, nítorí ìwúwo omi lè ba ọkọ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ jẹ́. Ẹ po búlúù ìfọṣọ mọ́ omi náà kí ó lè hàn. Ẹ yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí búlúù bá ti ń kán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

IBI TÍ Ó SÁBÀ MÁA Ń JÒ

Èkíní ni èdídí ìdí ọkọ̀. Rọ́bà rẹ̀ a máa gbó, a máa là. Owó kékeré ni a fi ń ra tuntun.

Èkejì ni gbogbo ihò tí a lu sára ọkọ̀ lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán: ibi bóòtù tí ó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, àti ibi síkírúù àkàbà tàbí ohun èlò mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà àti páìpù tí ó gba ara ọkọ̀ jáde. Rọ́bà a máa là, kílíìpù a máa dógùn-ún.

Ẹ̀kẹrin ni oríkèé tí òkè ọkọ̀ ti pàdé ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ lè má jò títí ọkọ̀ yóò fi rù ju, tàbí títí ìgbì yóò fi máa fọ́n omi sí i.

Ní ti ọkọ̀ onípákó, ẹ má bẹ̀rù bí ó bá jò díẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ padà sínú omi lẹ́yìn tí ó ti gbẹ lórí ilẹ̀. Pákó yóò mu omi, yóò wú, àlàfo yóò sì pa dé. Bí ó bá ń jò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ pe káfíńtà ọkọ̀.

BÍ A TI Ń DÍ I

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tuntun lé orí ògbólógbòó. Ẹ tú síkírúù tàbí bóòtù náà jáde, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ihò gbẹ. Ẹ fi ìdí tọ́ọ̀ṣì gbá igi àyíká rẹ̀: bí ó bá dún gbọ̀ọ́, tàbí tí ó rọ̀, igi ti jẹrà, ó sì di iṣẹ́ oníṣẹ́. Bí ó bá le, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi sínú ihò náà, kì í ṣe sí ojú rẹ̀ nìkan, kí ẹ dá síkírúù padà, kí ẹ sì fún un ní àkókò tí a kọ sí ara agolo rẹ̀ kí ó tó kan omi. Rọ́bà tí ó wà nísàlẹ̀ ojú omi, ẹ fi kílíìpù méjì dè é, irú èyí tí kì í dógùn-ún.

KÍ Ó MÁ BÀA TÚN ṢẸLẸ̀

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ wo èdídí, ẹ ṣí pátákó ìtẹ̀sẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi imú gbọ́ bóyá òórùn epo bẹntiróòlù wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tan ohunkóhun. Ẹ máa ka iye ìgbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe torí pọ́ǹpù ju abọ́ ìgbọ́nmi nù, kí ẹnikẹ́ni má sì wọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó, ọmọdé ni o, àgbà ni o.

Ní ti arákùnrin wa, ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ó já sí. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kò jò rárá. Nígbà tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti agolo epo wà lẹ́yìn, omi yọ. Síkírúù mẹ́rin tí ó de àkàbà kékeré mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, tí ẹnikẹ́ni kò fi gọ́ọ̀mù sí ihò wọn rí. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, wọ́n wà lókè omi. Bí ìdílé bá wọlé, wọ́n á rì sínú omi. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ fi ń dí ibi tí kò jò, tí owó sì ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni ó fi tún un ṣe. A ti gba oyè agbọ́nmi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwé àti pẹ́ńsù ni ó ń mú dání báyìí, tí ó ń kọ iye ìgbà tí pọ́ǹpù dún.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ọkọ̀ yín kí ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Àjò tí a wà yìí, a kò ní í bá omi lọ, ire ni a ó kó délé. Àṣẹ.