Ìkọ́ni nípa ìwà tó tọ́ sí ẹranko ní yunifásítì

Ìkọ́ni nípa ìwà tó tọ́ sí ẹranko jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ ìmòye ní àwọn yunifásítì. Ó dá lórí ìbéèrè bóyá ó tọ́ kí ènìyàn máa pa ẹranko jẹ, tàbí kí ó máa fi wọ́n ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ìwé méjì tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń lò ni Animal Liberation ti Peter Singer (1975) àti The Case for Animal Rights ti Tom Regan (1983). Ìrora ẹranko ni Singer fi ṣe òṣùwọ̀n. Regan sọ pé ẹranko ní ẹ̀tọ́ tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú, bó ti wù kí àǹfààní tí ènìyàn máa rí níbẹ̀ pọ̀ tó.

Òye nìkan kọ́ ni ìṣòro ẹ̀kọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ nínú kíláàsì, kí ó gba máàkì lórí rẹ̀, kí ó sì ra adìyẹ díndín bó ṣe ń jáde. Schwitzgebel, Cokelet àti Singer wádìí èyí ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Riverside, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ 1,332 sí ọ̀nà méjì: apá kan ka àròkọ lórí ẹran jíjẹ, apá kejì lórí ìtọrẹ àánú. Ẹni tó bá wù lè wo fídíò, lẹ́yìn náà ni wọ́n jíròrò ní ẹgbẹ́ kéékèèké fún ìṣẹ́jú 50. Wọn kò gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Wọ́n yẹ rìsíìtì oúnjẹ tí wọ́n rà nínú ọgbà wò. Nínú oúnjẹ tí owó rẹ̀ kò dín ní dọ́là 4.99, èyí tó ní ẹran nínú lọ sílẹ̀ láti 52% sí 45% láàárín àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran. Ti àwọn yòókù dúró lórí 52%.

Nínú ìwádìí kejì, tó jáde ní 2021, akẹ́kọ̀ọ́ 730 ka àròkọ James Rachels tó gbè lẹ́yìn àìjẹran, ìdajì wọn sì tún wo fídíò tó fi ilé-iṣẹ́ ìsìn ẹran hàn. Kí wọ́n tó kẹ́kọ̀ọ́, 37% gbà pé kò tọ́ láti jẹ ẹran tí wọ́n sìn ní irú ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 54%, yálà wọ́n wo fídíò tàbí wọn kò wò ó. Ó yẹ kí olùkọ́ tó rò pé àwòrán tó ń bani lẹ́rù nìkan ló lè ta akẹ́kọ̀ọ́ jí kíyè sí èyí. Ní ti oúnjẹ rírà, ó ṣeé ṣe kí fídíò náà ti fi díẹ̀ kún un.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí lédè Yorùbá yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ kan pàdé. «Ẹran» ni a ń pe ewúrẹ́ tó ń jẹko, òun náà ni a ń pe èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìbéèrè bóyá ó yẹ kí ẹran di ẹran kò lè dún létí Yorùbá bó ṣe dún ní Riverside, àfi kí olùkọ́ máa dárúkọ ewúrẹ́, màlúù tàbí adìyẹ.