Fíìmù Ọ̀dà Agbabu: Níbo Lowó Máa Ti Wá?

Ní 1908, iléeṣẹ́ kan, Nigerian Bitumen Corporation, ń gbẹ́lẹ̀ wá ọ̀dà ní ilẹ̀ Oǹdó tòní. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ọ̀dà Agbabu ń dín kù. Bí ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá fẹ́ fi kámẹ́rà gbà á sílẹ̀, "èló ni?" ló máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ìwé ló yẹ kó ṣáájú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta ló máa sọ̀rọ̀? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi yà á? Iye ọjọ́ ló ń sọ owó ọkọ̀, oúnjẹ, epo jẹnẹrétọ̀ àti kámẹ́rà. Owó ẹni tó máa gé fíìmù, tó sì máa tún ohùn ṣe, ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Kí wọ́n tún fi díẹ̀ pamọ́ de òjò.

Owó ńkọ́? Bank of Industry dá NollyFund sílẹ̀ ní 2015, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa sanwó wòran. Hubert Ogunde ti fi eré orí ìtàgé kó èrò jọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gbé fíìmù "Aiyé" jáde ní 1979.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, owó àdájọ ọmọ ìlú, nílé lóko, ló rọrùn jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó parí sàn ju wákàtí méjì tó dúró ságbede méjì lọ.